Ohùn Ọ̀mọ̀wé Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sinimá Àtijọ́

Àwọn baba wa ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Bí ènìyàn bá wọ ìlú tí kò wọ̀ rí, yóò rí ilé, yóò rí ọjà, yóò rí igi tí wọ́n fi aṣọ funfun dì ní ìdí, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé abẹ́ igi náà ni àwọn ará ìlú ti mulẹ̀ ní ọdún tí ogun dé, àfi bí ọmọ ìlú kan bá bá a rìn tí ó sì ń nawọ́ hàn án. Sinimá àtijọ́ náà, ìlú àjèjì ni. Ẹni tí ó jókòó lónìí tí ó ń wo sinimá tí wọ́n ṣe ní ọdún 1933 kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Àwọn tí wọ́n ṣe é ti kú, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sanwó wò ó ti kú pẹ̀lú; ohun tí ó dẹ́rù bà wọ́n kò dẹ́rù bà wá mọ́, ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín sì ṣókùnkùn sí wa. Ojú wa là sílẹ̀, à ń wò, a kò rí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1984 láti fi wá nǹkan ṣe sí ọ̀ràn yìí. Wọ́n mú ọ̀mọ̀wé kan tí ó mọ ìtàn sinimá, wọ́n fi í jókòó síwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, bí àwòrán ti ń kọjá ni òun náà ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sórí àwo kan náà tí sinimá wà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá ohùn àwọn òṣèré dúró, kí ó sì máa gbọ́ ohùn ọ̀mọ̀wé ní ipò rẹ̀. N óò máa pe èyí ní àlàyé olóhùn. Àwọn kan wà tí wọ́n kà á sí èènì lásán, ohun tí àwọn oníṣòwò fi ń mú kí àwo wọn tà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, nínú gbogbo ọ̀nà tí ayé òde òní fi ń tọ́jú ìtàn, èyí ni ó súnmọ́ ọ̀nà tí àwọn àgbà wa ń gbà sọ ìtàn jù lọ: ọwọ́ ń nà sí nǹkan, ẹnu sì ń wí ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Àǹfààní kékeré kan ni wọ́n rí lò láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Criterion, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún náà, bẹ̀rẹ̀ sí gbé sinimá àtijọ́ jáde lórí àwo léésà. Àwo náà tóbi tó àwo gírámáfóònù ńlá, ó sì ń dán bíi dígí. Citizen Kane ti ọdún 1941 ni wọ́n fi ṣe èkíní, King Kong ti ọdún 1933 sì ni èkejì. Nínú àwo léésà, ọ̀nà méjì ni a là fún ohùn, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, èkejì fún etí òsì. Ṣùgbọ́n ohùn ẹyọ kan ni sinimá ayé ìgbà náà ní, nítorí náà ọ̀nà kan tó fún un, èkejì sì ṣófo. Wọ́n rò ó pé kí ọ̀nà tí ó ṣófo náà má ṣòfò.

Ẹni tí wọ́n fi ọ̀nà náà fún ni Ronald Haver, tí ń ṣe àkóso ètò sinimá ní Los Angeles County Museum of Art. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣà lójú títì. Ní ọdún 1980 ó ti tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa David O. Selznick, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ RKO nígbà tí iṣẹ́ King Kong bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni ó wá àwọn apá tí wọ́n ti gé kúrò nínú A Star Is Born ti ọdún 1954 kiri, títí wọ́n fi tún sinimá náà tò ní ọdún 1983. Haver kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ bí olùkọ́ ti í kí kíláàsì, ó sọ fún wọn pé òun yóò mú wọn rìn kiri inú sinimá náà bí wọ́n ti ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Báyìí ni ó ṣe títí dé òpin.

Kí ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè fi hàn wá tí ojú lásán kò lè rí? Ẹ jẹ́ kí a wo King Kong fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ọkùnrin kan ni ó gbé awọ ìnàkí wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọlangidi ni Kong jẹ́ ní ibi tí ó pọ̀ jù nínú sinimá náà, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìǹṣì 18 lọ. Irin ni eegun rẹ̀, rọ́bà ni ẹran ara rẹ̀, awọ ehoro sì ni irun tí ó bò ó. Willis O'Brien ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Wọn a sún apá ọmọlangidi náà díẹ̀, wọn a ya àwòrán kan; wọn a tún sún un díẹ̀, wọn a ya òmíràn. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú kan péré gba àwòrán 1,440. Bí ẹ bá wo irun Kong dáadáa, ẹ ó rí i pé kò dúró jẹ́ẹ́, ó ń rú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀. Ìka àwọn tí ń sún ọmọlangidi náà ni ó ń da irun rú láàárín àwòrán kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá gbọ́ èyí yóò wo irun náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò ní mọ̀ pé ipa ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti kú ni òun ń wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni odi gìrìwò tí ó wà ní erékùṣù Kong. Wọn kò kọ́ ọ fún Kong. Wọ́n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ fún The King of Kings, sinimá ìtàn Jésù tí Cecil B. DeMille ṣe ní ọdún 1927. Wọ́n tún un kùn, wọ́n sì sọ ọ́ di odi àwọn tí ń bọ ìnàkí. Ní oṣù December ọdún 1938 wọ́n dáná sun ún, kí iná náà lè dúró fún iná tí ó jó ìlú Atlanta nínú Gone with the Wind. Ọdún 1938 yìí kan náà ni wọ́n tún gbé King Kong jáde fún àwọn òǹwòran, àwọn tí ń bójú tó ìwà nínú sinimá sì pàṣẹ pé kí wọ́n gé ibi tí Kong ti ń bu ènìyàn jẹ, ibi tí ó ti ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, àti ibi tí ó ti ń bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin tí ó jí gbé. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó rí àwọn apá náà dá padà. Nítorí náà bí bàbá kan bá wo King Kong ní ọdún 1950, tí ọmọ rẹ̀ sì wò ó ní ọdún 1980, kì í ṣe sinimá kan náà ni àwọn méjèèjì wò, bí wọ́n bá sì jọ ń jiyàn nípa rẹ̀, àwọn méjèèjì lè jàre.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà nínú sinimá yìí tí ó jẹ mí lógún ju ìwọ̀nyí lọ. Ní erékùṣù náà a rí olóyè àwọn aláwọ̀ dúdú, ó de ìyẹ́ mọ́rí, ó kun ara, ó ń fi ọmọbìnrin òyìnbó rúbọ. Ojú a máa ti ènìyàn dúdú tí ó bá wò ó, ó sì tọ́ kí ó tì í. Orúkọ òṣèré tí ó ṣe olóyè náà ni Noble Johnson. Ní ọdún 1916, ọdún 17 kí King Kong tó jáde, Noble Johnson yìí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Lincoln Motion Picture Company sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn dúdú lè máa fi owó ara wọn ṣe sinimá nípa ara wọn, nínú èyí tí wọn kì yóò jẹ́ òmùgọ̀ tàbí ẹhànnà. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní ọdún 1921. Johnson padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe. Ní ọdún 1932, nínú The Most Dangerous Game, tí wọ́n yà ní inú igbó àtọwọ́dá kan náà tí wọ́n lò fún King Kong, wọ́n kùn ún ní funfun kí ó lè ṣe ìránṣẹ́ ará Rọ́ṣíà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọ́n de ìyẹ́ mọ́ ọn lórí, ó di olóyè ẹhànnà. Sinimá náà kò lè sọ èyí fún wa. Orúkọ rẹ̀ ni yóò kọjá lójú wa fìrí, òun náà yóò sì gbé ọwọ́ sókè níwájú odi DeMille. Bí ohùn ọ̀mọ̀wé kan bá dá sí i ní ìṣẹ́jú náà gan-an, tí ó sọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́, ojú tí à ń fi wò ó yóò yí padà kí olóyè náà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè wí pé ìwé náà lè sọ gbogbo èyí. Òótọ́ ni, ìwé ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ oríkì mọ ìyàtọ̀ tí mò ń sọ yìí. Bí a bá ka oríkì orílẹ̀ kan nínú ìwé, tí a sì ka ìtàn ìdílé náà nínú ìwé mìíràn, a óò ní ìmọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò ní tètè pàdé lọ́kàn wa. Ẹ wá jókòó ti ìyá àgbà tí ń ki oríkì náà, tí ó dúró lẹ́yìn ìlà kan tí ó ní, “Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fi ń kì wọ́n báyìí? Ẹ jẹ́ n wí fún yín,” tí ó sọ ọ́, tí ó sì tún gbé oríkì rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ìlà yẹn kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ òfìfo létí yín mọ́. Ìwé nípa sinimá a máa ní kí a rántí ohun tí a ti rí; àlàyé olóhùn a máa bá wa níbi tí a ti ń rí i lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó ti gbìyànjú láti fi ẹnu ṣe àpèjúwe àwòrán fún kíláàsì tí kò rí àwòrán náà yóò mọ bí èyí ti níye lórí tó.

Kì í sì í ṣe pé ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sinimá jẹ́ ohun tuntun pátápátá. Kí sinimá tó kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni ènìyàn ti ń bá a sọ ọ́. Ní ilẹ̀ Japan, láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí wọ ọdún 1930 àti mélòó kan, ọkùnrin kan a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí àwòrán ń tàn sí, benshi ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú àwòrán, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, ọmọdé. Òun ni ó sì ń ṣàlàyé ìṣe àwọn òyìnbó tí àwọn ará Japan kò mọ̀. Òkìkí benshi mìíràn kàn ju ti òṣèré lọ, àwọn ènìyàn a sì sanwó nítorí ohùn rẹ̀. Nígbà tí sinimá tí ń sọ̀rọ̀ dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Kurosawa Heigo. Ó pa ara rẹ̀ ní ọdún 1933. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 23 nígbà náà, ni Akira Kurosawa, tí ó padà di ọ̀gá láàárín àwọn olùdarí sinimá ayé. N óò padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Àwa náà ní tiwa. Sinimá ti dé Èkó ní ọdún 1903, nígbà tí wọ́n fi í hàn ní Glover Memorial Hall. Lẹ́yìn náà, àwọn òyìnbó ìjọba fi í ṣe ohun èlò ẹ̀kọ́. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, ti ń lo sinimá láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní ọdún 1939, tí wọ́n sì fi í ṣe olórí ibẹ̀. Títí di ọdún 1955 tí wọ́n pa á tì, ọkọ̀ sinimá ń ti ìlú dé ìlú. Wọn a ta aṣọ funfun, àwọn ènìyàn a kóra jọ ní alẹ́, ògbufọ̀ a sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a máa fi èdè ibẹ̀ sọ ohun tí àwòrán ń ṣe. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń fi hàn lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ẹnu yàtọ̀ sí ẹnu. Ẹ̀dà àwọn sinimá wọ̀nyí wà ní ìpamọ́ ní London títí di òní. Ohùn ògbufọ̀ kò sí nínú wọn, nítorí ẹnu ni ó fi ń sọ ọ́, alẹ́ náà ni ó sì ń bá lọ. Bí òyìnbó bá kọ ọ̀rọ̀ fún un pé kí ó sọ báyìí, ṣé ohun tí ó sọ náà nìyẹn? Ṣé kò fi òwe kún un? Ṣé kò fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ ní ibi tí ọ̀gá rẹ̀ kò ti gbọ́ èdè? Ìdajì sinimá náà, tí ó jẹ́ ti àwa gan-an, ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Mo mọ̀ pé benshi àti ògbufọ̀ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ benshi ni láti mú kí eré dùn, iṣẹ́ ògbufọ̀ sì ni láti mú kí àwọn ènìyàn gba ohun tí ìjọba fẹ́. Ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wí òótọ́ àní bí òótọ́ náà bá ba adùn eré jẹ́. Ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n dúró sí jẹ́ ọ̀kan náà, láàárín àwòrán àti àwọn tí ń wò ó.

Kurosawa ṣe Rashomon ní ọdún 1950. Ní ọdún 1951 ó gba ẹ̀bùn gíga jù lọ ní Venice, òun ni ó sì ṣí ojú àwọn òyìnbó sí sinimá ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 2002, nígbà tí Criterion gbé e jáde lórí DVD, Donald Richie ni ó sọ àlàyé olóhùn rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Richie, ó dé Tokyo ní ọdún 1947 nígbà tí ìlú náà ṣì wà nínú àwókù ogun, ilẹ̀ Japan ni ó sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ gbé títí ó fi kú ní ọdún 2013. Ìwé rẹ̀ lórí Kurosawa ti wà láti ọdún 1965. Rashomon ni orúkọ ẹnubodè ńlá ìhà gúúsù ìlú tí à ń pè ní Kyoto lónìí. Abẹ́ ẹnubodè náà, tí ó ti wó, ni sinimá ti bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀ gidigidi. Wọ́n po yíǹkì dúdú mọ́ omi òjò náà kí ó lè hàn nínú àwòrán. Ní inú igbó, Kazuo Miyagawa ayàwòrán kọ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí oòrùn gan-an, ohun tí àwọn ayàwòrán ti ń sá fún tẹ́lẹ̀, ó sì fi dígí tan ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ojú àwọn òṣèré. Ìwọ̀nyí jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ará Tokyo tí ó wo ẹnubodè tí ó wó yẹn ní ọdún 1950, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ogun, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wí fún un ohun tí ó jọ. Àwa ni a nílò rẹ̀, ẹni tí ó sì lè wí i fún wa ni ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láàárín àwókù náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fetí sí ohùn Richie lórí sinimá yìí, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ẹ̀gbọ́n Kurosawa tí ó jẹ́ benshi. Ọdún 69 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ohùn ẹnìkan tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, tí àwòrán náà sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

Ìtàn kan náà ni àwọn ẹlẹ́rìí inú Rashomon ń sọ, ẹnu wọn kò sì kò. Èyí rán mi létí àǹfààní mìíràn tí àlàyé olóhùn ní: a lè fi ju ohùn kan sórí sinimá kan. Seven Samurai, tí Kurosawa ṣe ní ọdún 1954, ti ní àlàyé Michael Jeck láti ọdún 1988. Nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde ní ọdún 2006, wọ́n fi àlàyé kejì kún un, àwọn márùn-ún ni wọ́n pín in sọ: David Desser, Joan Mellen, Stephen Prince, Tony Rayns àti Richie. Sinimá náà ju wákàtí mẹ́ta lọ, àyè sì gbà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ Jeck tán, tí ó tún gbọ́ àwọn márùn-ún yìí, yóò rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé lè wo àwòrán kan náà kí wọ́n má sì rí ohun kan náà. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a tètè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ju èyí lọ.

Èmi kò sọ pé kò ní àléébù. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àwọn olùṣàlàyé kan sì wà tí wọn kò gbọ́ òwe yìí rí. Ẹnìkan ń gun ẹṣin lọ nínú àwòrán, olùṣàlàyé a ní, “Ó ń gun ẹṣin lọ.” Ta ni kò rí i? Àwọn mìíràn a ka ìwé sínú ẹ̀rọ bí ẹni ń ka ìròyìn, wọn kò bìkítà fún ohun tí ń kọjá lójú. Irú èyí ìbá dúró sínú ìwé. Àlàyé àwọn tí wọ́n ṣe sinimá fúnra wọn náà ní ewu tirẹ̀, nítorí ẹni tí ó kọ́ ilé kì í fẹ́ tọ́ka sí ibi tí ògiri ti sán, ọgbọ̀n ọdún a sì máa sọ ìrántí di ìtàn àròsọ. Bí wọ́n bá sì sọ òtítọ́ jù, olówó lè bínú: ní ọdún 1991 Criterion ní láti kó àwo mẹ́ta tí ó jẹ́ ti sinimá James Bond kúrò lọ́jà nítorí pé ohun tí wọ́n sọ nínú àlàyé wọn kò tẹ́ àwọn tí wọ́n ni sinimá náà lọ́rùn. Ní ti àwọn tí ń wí pé kí a jẹ́ kí sinimá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo gbà pẹ̀lú wọn ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá wò ó. Kí olùkọ́ má ṣe fi ohùn ẹlòmíràn sí i ní ọjọ́ kìíní. Kí kíláàsì kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ̀rù bà wọ́n, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣì í gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a pe ọ̀mọ̀wé wọlé.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe àsọjù ọ̀rọ̀, bí kò ṣe pípàdánù. Haver kú ní ọdún 1993. Nígbà tí wọ́n gbé King Kong jáde lórí DVD ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ni ín, àlàyé mìíràn ni wọ́n sì fi sí i, ti Ray Harryhausen àti Ken Ralston. Ohùn Haver kò bá a wá. Àwo léésà ni ó wà lára rẹ̀, Pioneer tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ àwo náà sì kéde ní ọdún 2009 pé àwọn kò ṣe é mọ́. Lónìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo sinimá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sinimá nìkan ni wọn a sábà gbé wá fún wa, wọn a fi àlàyé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo bí ó ti rí: ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ìmọ̀ má baà kú pẹ̀lú àwọn tí ó ni ín, òun náà ti ń wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Kí a má déènà pẹnu, ọ̀ràn yìí kàn wá ní ilé. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, èyí tí a kà sí sinimá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Dúró Ládiípọ̀ wà nínú rẹ̀, ó kú ní ọdún 1978. Ìjà Òmìnira jáde ní ọdún 1979 láti inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde sì tẹ̀ lé e ní ọdún kan náà. Ògúndé kú ní ọdún 1990, Adé Afọláyan tí ó jẹ́ ìràwọ̀ Ìjà Òmìnira kú ní ọdún 1996, Fálétí kú ní ọdún 2017. Ìwé Fálétí wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ nínú àwọn òǹkàwé ìwé yìí. Ta ni nínú wa tí kò ní fẹ́ láti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí sinimá náà, kí ó sọ fún wa ibi tí àwòrán ti yà kúrò nínú ìwé àti ìdí rẹ̀, àti bí inú rẹ̀ ti dùn sí i tàbí kò dùn? Àwọn ọfọ̀ inú Aiyé ń kọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ń wò ó, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n kò sì mọ èyí tí í ṣe ọfọ̀ gidi àti èyí tí wọ́n fi ṣe eré.

Kò yẹ kí a dúró de òyìnbó tàbí olówó ńlá. Ohùn kò nílò kí ó wà lórí àwo kan náà pẹ̀lú sinimá. A lè gbà á lọ́tọ̀, kí a sì sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà sinimá náà jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa lọ. Èmi ì bá dábàá pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ kò ṣòro rí. Ìṣọ̀lá kú ní ọdún 2018, ọdún kan lẹ́yìn Fálétí tí ó ṣe Bàbá Ọ̀pálábà nínú sinimá náà. Lórí ìlù ni gbogbo ìtàn náà dá lé, ìlù sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ níbi púpọ̀ tí kò sí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń gbọ́ ọ bí ariwo tí ó dùn. Kí a kọ́kọ́ mú àyàn kan jókòó, àgbàlagbà tí ó gbọ́ èdè ìlù láti ilé baba rẹ̀. Kí a fi sinimá náà hàn án ní ẹ̀ẹ̀kan láìdá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà kí a tún un bẹ̀rẹ̀, kí a ṣí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí a sì bi í pé, “Baba, kí ni ìlù yẹn ń wí?”